Ìbọn Àgbá Nínú Gbalasa Òfuurufú: Etí Ta Ló Ń Gbọ́ Ọ?

Lóṣù tó kọjá mo kọ̀wé lórí ìró ìbọn nínú fíìmù wa, mo ní bí gbogbo ìbọn ṣe ń dún bákan náà ti sú mi. Àwọn òṣèré kò fèsì. Àwọn tó ń gbá géèmù ló da lẹ́tà bò mí, ogun ọkọ̀ òfuurufú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn àwọn géèmù tí ọkọ̀ ti ń yìnbọn àgbá lu ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀. Gígé ìró fún fíìmù àti rédíò ni iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn níbí, géèmù ni mo fi ń sinmi lálẹ́. Nítorí náà, inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìró kò lè rìn níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́. Ọmọ tèmi gan-an ló wá ń jókòó sí pálọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń yìnbọn láàárín ìràwọ̀, tí ilé ń mì tìtì. Mo ní irọ́ ni, ó ní, "Dádì, géèmù ni." Ṣé àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí kò kàwé ni? — Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Wọ́n kàwé, sà. Ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ náà sì tọ̀nà. Ìró gbọ́dọ̀ rí nǹkan tì kó tó lè rìn. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, ó ń sá nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gbalasa lọ́hùn-ún, kò sí ohun tó máa tì. Bí ọkọ̀ méjì bá dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kan yìnbọn tí ọta rẹ̀ sì tàsé, ẹni tó wà nínú èkejì kò ní gbọ́ nǹkan kan, ì báà jẹ́ pé àgbá náà tó ilé.

Àmọ́ kí n tó pe ìró kan ní irọ́, mo máa ń béèrè pé etí ta ló ń gbọ́ ọ, ibo ni etí náà sì wà. Awakọ̀ tí ọmọ yín ń darí kò léfòó sójú òfuurufú. Ó jókòó sínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ yí i ká, ìbọn àgbá náà wà lára ọkọ̀ kan náà, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́ irin. Tó bá yìn, irin á gbọ̀n. Ìgbọ̀n náà á gba ara ọkọ̀ dé ibi ìjókòó, á gba ìjókòó wọ egungun ẹ̀yìn awakọ̀. Nínú irin, ìró ń sá ju mítà 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́wàá ti inú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí, tí àwọn ará òkè ń gún iyán, mọ irú ìró tí mò ń wí. Ohùn odó kọ́ ni onítọ̀hún ń gbọ́. Kì, kì, kì inú ògiri ló ń gbọ́, ó sì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé.

Bó ṣe yẹ kí ìbọn ọmọ yín dún lára rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ "gbàù!" tó ń ṣí sílẹ̀, tó lọ kọ lu òkè, tí gbohùngbohùn ń dá a padà. Kò sí òkè, kò sí igbó, kò sí ojú ọ̀run tó máa dá a padà. "Gbì!" ló yẹ kó jẹ́, kó kúrú, kó wúwo, kí gbogbo nǹkan kéékèèké tó so mọ́ inú ọkọ̀ sì gbọ̀n rìrì tẹ̀lé e. Tí géèmù bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò purọ́ fún yín rárá.

Ìbọn ọ̀tá ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tàsé, ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Èyí tó bà yín, ẹ máa gbọ́ ọ dáadáa torí ara ọkọ̀ yín ló lù. Tí ọkọ̀ kan bá bú gbàmù nítòsí, kò sí ìró tó máa rìn wá bá yín, àmọ́ gáàsì àti àfọ́kù irin tó bá fọ́n dé ọ̀dọ̀ yín máa dún lára ọkọ̀ yín, ṣàà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò tíì rí ọ̀pọ̀ géèmù tó ń fi ṣàà yẹn rọ́pò gbàmù. Gbàmù ni ọjà, mo gbà.

Àwọn tó ṣe Elite Dangerous, iléeṣẹ́ Frontier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2014, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú ìtàn géèmù náà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣẹ̀dá ìró ohun tó ń lọ níta, kí awakọ̀ lè fi etí mọ ibi tí ewu ti ń bọ̀. Àwọn kan ní àwáwí ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, torí pé ojú èèyàn iwájú nìkan ló ń wò, etí ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ohun tó sì fi hàn pé wọ́n ronú jinlẹ̀ ni èyí: tí ọ̀tá bá fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín, tí afẹ́fẹ́ sì tú jáde, gbogbo ìró yẹn á rì lójijì. Ohun tí ẹ máa gbọ́ jù ni èémí ara yín nínú àṣíborí, pẹ̀lú aago tó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí. Dead Space ti ọdún 2008 náà ṣe irú rẹ̀. Tí ẹ bá wọ yàrá tí kò sí afẹ́fẹ́, ìbọn ọwọ́ yín á kàn máa ṣe dùù, dùù, bíi pé apá yín ló ń gbé e dé etí yín. Ẹni tó ṣe ìyẹn ti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí etí wà.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, sà, màá gbé géèmù ọmọ yìí lọ sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ojú, kí wọ́n máa sọ èyí tó lè dé etí awakọ̀ nínú gbogbo ìró tí wọ́n ń gbọ́, kí wọ́n sì sọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Wọn ò ní sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀rẹ́ mi ní ìbọn kò lè yìn rárá lókè lọ́hùn-ún torí iná kì í jó níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́. A ti jà títí. Ẹ bá wa parí ẹ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Ìwọ lo jàre. Iná igi àti ti kẹrosíìnì ló nílò afẹ́fẹ́ láti ìta. Ẹ̀tù ìbọn gbé tirẹ̀ dání. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà, èédú àti imí ọjọ́ ni, pẹ̀lú irú iyọ̀ kan tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń fún iná ní ohun tó máa fi jó. Ẹ̀tù òde òní náà kò yàtọ̀ lọ́nà yìí, ọ́síjìn rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀.

Wọ́n tiẹ̀ ti dán an wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1974, ìjọba Soviet gbé ilé òfuurufú kan tí wọ́n ń pè ní Salyut 3 lọ sókè. Ti ológun ni, àmọ́ wọ́n fi orúkọ tó jọ ti ìwádìí lásán bò ó. Ìbọn àgbá kan wà lára rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 23, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí bàálù tó ń ju bọ́ǹbù. Kò ṣe é yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá fẹ́ dojú rẹ̀ kọ nǹkan kan, gbogbo ilé náà ló máa yí. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1975, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti padà sílé tipẹ́, wọ́n yìn ín láti ilẹ̀, nǹkan bí ọta 20. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀ torí pé wọ́n ń bẹ̀rù bí ilé náà ṣe máa gbọ̀n tó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i: ìbọn àgbá tí wọ́n yìn níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí etí kan nínú ọkọ̀ náà tó lè sọ fún wa bó ṣe dún.

Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá ara yín jà lé lórí ló tún dùn jù, ìyẹn bí ìbọn ṣe ń ti ẹni tó yìn ín sẹ́yìn. Níbí, ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ ló ń gbà á. Lókè, kò sí ilẹ̀. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọta wúwo tó kílò 20, ó jáde pẹ̀lú ìyára kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ tó yìn ín wúwo tó tọ́ọ̀nù 20. Ọkọ̀ yẹn máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, ó ti di mítà mẹ́wàá, kò sì ní dúró títí wàá fi tan ẹ́ńjìnnì dá a dúró. Tí ìbọn náà kò bá sí ní àárín gbùngbùn, ọkọ̀ á tún máa pòyì. Asteroids, géèmù ọdún 1979, ti jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró lẹ́yìn tí o bá ti mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, ó sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀pọ̀ tòní lọ, àmọ́ kò fi ìtìsẹ́yìn ìbọn sí i. Mi ò bínú sí wọn, géèmù tí èèyàn kò lè fojú sun ọ̀tá nínú rẹ̀ kò ní tà. Ọta pẹ̀lú: kò sí afẹ́fẹ́ tó máa fà á sẹ́yìn, ó ń lọ ni. Nínú géèmù ó máa ń pòórá lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má baà máa ka ọta tó ti lọ tipẹ́.

Bọ̀dá, kí ló dé tí gbogbo ìbọn iná inú géèmù, àwọn lésà yẹn, fi ń ké "píú, píú"? Ta ló kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ló ń dún? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Okùn irin ló ní. Nígbà tí Ben Burtt ń wá ìró fún fíìmù Star Wars àkọ́kọ́, èyí tó jáde lọ́dún 1977, ó lu okùn irin tó di òpó rédíò gígùn kan mú, ó gbé máìkì sún mọ́ ọn, ohun tó gbọ́ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ dùn mọ́ mi: nínú okùn irin líle tó gùn, ìró tó ga ń sáré ju ìró tó rẹlẹ̀ lọ. Ìgbà kan náà ni wọ́n gbéra, àmọ́ "pí" kọ́kọ́ dé, "ú" ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ na wáyà irin gígùn kó le dáadáa, kí ẹnì kan fi kọ́kọ́rọ́ lù ú lọ́hùn-ún, kí ẹ̀yin gbé etí lé e níbí. Ẹ má lọ gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan o.

Ìbọn iná tòótọ́ kò ní dún nínú gbalasa, a kò tiẹ̀ ní rí okùn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, torí kò sí eruku tó máa tàn sí. Mi ò ní kí wọ́n pa píú rẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé Burtt jáde lọ gbọ́ nǹkan, àwọn tó tẹ̀ lé e gbọ́ Burtt nìkan. Ẹ lọ wo ìbọn iná ńlá inú FreeSpace 2, géèmù ọdún 1999. Kó tó yìn, ó máa ń kó agbára jọ, ìró rẹ̀ á máa gòkè, fìn-ín-ín, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ wà ní iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa tú. Bó ṣe ń gòkè yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Iṣẹ́ ni ìró yẹn ń ṣe, kò kàn jókòó láti ṣe ẹwà.

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ń gbá géèmù yìí lóru, dùù-dùù ìbọn rẹ̀ ń bá mi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ti dín in kù. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Àgbà, Òṣogbo

Ẹ kú ìfaradà, mà. Ó ṣeé ṣe kó ti dín in kù lóòótọ́. Ìró tó rẹlẹ̀ ló ń la ògiri kọjá, àwọn tó ga kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ dùù láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Tí sípíkà béèsì bá wà lórí ilẹ̀, kí ó gbé e kúrò nílẹ̀, kó fi fóòmù tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀. Kó tún wo inú ètò ìró géèmù náà, ọ̀pọ̀ ló ní èyí tí wọ́n ṣe fún òru, tó ń rẹ ìbọn sílẹ̀ tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ sókè.

Tó bá lo íápíìsì, ẹ̀yin á sùn, àmọ́ kí etí tirẹ̀ má lọ sí i. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fi lélẹ̀ ni pé kó má ju dẹ̀síbẹ̀lì 80 (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, 75 fún ọmọdé. Tí ẹ bá dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ sì ń gbọ́ ìbọn láti inú íápíìsì tó wà létí rẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń ṣe géèmù ọkọ̀ òfuurufú fún fóònù. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ìbọn àgbá wa ló ń pè é ní bánga. Ó tún máa ń súni kíákíá. A ò lówó tí a máa fi ra ìró. Ẹ ràn wá lọ́wọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, Ẹdẹ

Ẹ ṣeun tí ẹ kò lọ jí ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara fóònù, torí níbẹ̀ ni bánga ti ń wá. Sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ìró tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 200 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) jáde dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwúwo ìbọn àgbá wà. Tí ẹ bá rọ béèsì sí i, sípíkà kàn máa pariwo ni. Ọgbọ́n tí à ń dá ni pé kí ẹ tan etí jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn gbọ́ 50 Hz, ẹ fún un ní àwọn ọmọ rẹ̀: 200, 250, 300, 350, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ á wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra, á sì gbọ́ 50 tí kò sí níbẹ̀. Ètò tó ń da ìró rú díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín máa ṣe èyí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lò ó.

Lẹ́yìn náà, ìbọn kan kì í ṣe ìró kan. Ẹ pín in. "Kẹ̀!" ló ń ṣáájú, kíkúrú, òun ló ń sọ fún etí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. "Gbì" tẹ̀ lé e, òun ni ara ìbọn. Ẹ̀rọ wá ń ti ọta mìíràn wọlé, ṣàkà-ṣàkà. Ìrù ló kẹ́yìn, ìrù yín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti inú ọkọ̀: yàrá irin kékeré, tí nǹkan ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ gbohùngbohùn òkè nínú ìbọn yín, mo máa mọ̀ pé ẹ gbé e láti inú fíìmù ogun.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìró náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìsìnkú ọdẹ àgbà kan nítòsí Ìsẹ́yìn, mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn olórí ọdẹ, mo gbé máìkì síbẹ̀ kí wọ́n tó yìn ṣakabùlà. Máìkì kan súnmọ́ wọn, ọ̀kan wà lẹ́yìn ògiri ilé amọ̀. Mo tún fi téèpù lẹ píésò, pẹlẹbẹ kékeré tó ń gba ìgbọ̀n sára, mọ́ táǹkì omi onírin tó ṣófo lẹ́bàá ògiri náà. Èyí tó súnmọ́ wọn fún mi ní "kẹ̀" tó mọ́ ṣáká, kò ní nǹkan mìíràn. Ti ẹ̀yìn ògiri ní ara. Ti táǹkì ni mo ṣì ń lò títí dòní: gbogbo irin yẹn wú, ó sì ń kùn lọ díẹ̀díẹ̀, bíi pé inú ọkọ̀ ni mo wà. Nínú eré rédíò tí mo fi sí, àwọn èèyàn béèrè lọ́wọ́ mi iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tí mo ti rà á.

Ẹ̀yin ò nílò ṣakabùlà, ẹ má sì lọ yá ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá píésò, ó wà nínú aago àti ohun ìṣeré ọmọdé tó ti bàjẹ́. Ẹ jó o mọ́ wáyà pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ táǹkì tàbí géètì irin. Ẹ wé aṣọ mọ́ òkúta, kí ẹ fi lu irin náà. Ẹ pa búùtù mọ́tò dé gbàà. Ẹ ká wọn ní 96 kHz, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa wọn ìró ní ìgbà ẹgbẹ̀rún 96 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ̀rọ yín bá gbà, torí ẹ máa fẹ́ fà wọ́n gùn: tí ẹ bá fi ìdajì ìyára gbé e, ó máa rẹlẹ̀ tó ọ̀tááfù kan, géètì á di ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ńlá, búùtù á di àgbá.

Ní ti pé ó ń súni: ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ̀ ń lò, mo fẹ́ búra. Ẹ ṣe márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí kọ̀ǹpútà máa yàn láàárín wọn, kó sì máa gbé ohùn wọn sókè sódò díẹ̀. FMOD àti Wwise, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìró inú géèmù, ń ṣe èyí, àwọn méjèèjì sì ní àṣẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kéré. Ẹ ka àdéhùn wọn dáadáa. Ẹ tún fi ààlà sí iye ìbọn tó lè dún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ogún ọkọ̀ bá ń yìn, ti ẹni tó ń gbá a ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹni tó dojú ìbọn kọ ọ́, àwọn yòókù lè dákẹ́. Òfuurufú ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ohun kan tó kù kò ná yín ní nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan kí àgbá tó yìn, rárá, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ rẹ ìró ẹ́ńjìnnì àti orin sílẹ̀. Ihò kékeré yẹn ló máa mú kí "gbì" tó ń bọ̀ wúwo. Bí ẹ bá ń fi ariwo kún ariwo, fóònù kò ní ibi tó máa gbé e sí.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ gbá a lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, fọ́líùmù ní ìdajì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó máa gbá a jókòó sí.